Kìlómítà Mẹ́wàá Tó Sọnù

Inú fìlà ni tíkẹ́ẹ̀tì náà wà.

Àmúdàtù ò wá tíkẹ́ẹ̀tì kankan lọ. Ó kàn ní kí Fàsásì ṣí fìlà kí òun lè rí ojú rẹ̀ dáadáa ni, nítorí iná àtìmọ́lé tésàn náà ò ju ti àtùpà lọ. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin já bọ́ sílẹ̀, Fàsásì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, sì yára fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò.

“Bàbá Husnah, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn.”

“Kò kan ẹjọ́ yìí, Ìnspẹ́kítọ̀.”

“Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ kóòtù ní aago méjìlá ọ̀sán òní ò ní ohun tí kò kan ẹjọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

Ó gbé ẹsẹ̀. Àmúdàtù bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé ni, láti ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀nà Ṣágámù. Ẹ̀rọ wọn ní ọkọ̀ náà ń sá eré kìlómítà méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ní wákàtí kan.

“Kí ló dé tí ẹ fi í pamọ́?”

“Ojú ló tì mí. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń wakọ̀ fún Màdámú, mi ò gba tíkẹ́ẹ̀tì rí. Àádọ́rùn-ún ni wọ́n ní kí n má kọjá. Mo sì fi Ọlọ́run búra, ojú mi wà lára mítà. Ọwọ́ mítà ò kọjá àádọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ àwọn yẹn ló purọ́ mọ́ mi.”

Àmúdàtù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ aránṣọ Mushin ni, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Kò ga, ohùn rẹ̀ ò sì le, ṣùgbọ́n tó bá tẹjú mọ́ ènìyàn, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ẹ̀ṣẹ̀ tó ti gbàgbé. Ìwà kan wà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ: bí oníbàárà bá sọ pé aṣọ há òun lára, má jiyàn, fa téèpù yọ.

Ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò ṣòro láti sọ. Ìyáàfin Caroline Ṣówándé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ń ta bátìrì iná oòrùn nítòsí Tejúoṣó ní Yaba. Píkáàpù kan ló ní, awakọ̀ méjì ló ń wà á. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Fàsásì gbé àpótí bátìrì mẹ́jọ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣágámù. Lọ́jọ́rú, Sylvester gbé mẹ́jọ mìíràn lọ síbẹ̀ kan náà. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí yàrá kan láì ṣí i. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ iná ṣí wọn lọ́jọ́bọ̀, òkúta ló wà nínú mẹ́rin.

Nínú àwọn méjèèjì, ta ló pààrọ̀ bátìrì sí òkúta? Ìwé mítà Ìyáàfin Caroline, tó fi ń kọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ bá rìn sílẹ̀, ló dáhùn. Àlọ àti àbọ̀ Ṣágámù, kìlómítà ọgọ́fà ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ti Sylvester pé ọgọ́fà géérégé. Ti Fàsásì jẹ́ àádọ́fà. Kìlómítà mẹ́wàá sọnù. Gbogbo ènìyàn gbà pé ṣe ló tú wáyà mítà kí ìwé má baà fi ibi tó yà sí hàn, tí kò sì tètè rántí so ó padà.

“Ìnspẹ́kítọ̀,” Fàsásì ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “èmi ni ládàánì mọ́sálásí wa ní Mushin. Ó di ọdún méjìlá tí ohùn mi ti ń pe àwọn ènìyàn wá sí Jímọ̀. Òní sì ni Jímọ̀. Bí wọ́n bá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gbé mi kọjá lójú àwọn ènìyàn mi, ta ló tún máa dìde nígbà tí olè bá ń pè é wá kírun?”

Àánú rẹ̀ ṣe Àmúdàtù, ṣùgbọ́n àánú ò sí lára ẹ̀rí. Ó wo aago. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀.

“Bàbá Husnah, bí ẹ bá tú wáyà mítà, kí ni ọwọ́ mítà máa ṣe?”

“Á wọlẹ̀ ni. Á sùn sórí òdo.”

“Àmọ́ tiyín wà lórí àádọ́rùn-ún nígbà tí ẹ̀rọ wọn ka méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.” Ó ká tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó fi í sínú báàgì. “Mítà yín ò sùn nígbà yẹn. Ṣe ló ń kà kéré. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, mò ń bọ̀.”

*

Kọ́púrù Jude ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù píkáàpù náà nínú ọgbà Ìyáàfin Caroline, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta.

“Ọ̀gá! Mo ti rí i o! Téèpù dúdú, tuntun fíọ́fíọ́, lára wáyà!”

Ìyáàfin Caroline, tó dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìwé mítà láyà, mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mẹ́tọ́díìsì ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó sì ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Bíbélì nìkan ló gbàgbọ́ ju nọ́ńbà lọ.

“Ó dùn mí gan-an, Ìnspẹ́kítọ̀,” ó ní. “Bí ọmọ ìyá ni Fàsásì ṣe jẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe ojúsàájú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Jude, ṣíná ọkọ̀. Tan rédíò. Ó dáa, tú téèpù yẹn.”

Jude tú u. Rédíò dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ dí i lẹ́nu.

“Wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀. Mítà ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́, Ọ̀gá.” Ojú Jude ti rẹ̀wẹ̀sì.

“Wáyà rédíò lo mú ní olè. Fi í sílẹ̀, jàre.”

Sylvester wà lẹ́bàá ògiri, ó ń fi àkísà nu gíláàsì fèrèsé tí kò dọ̀tí. Ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọnú ṣòkòtò dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ò jẹ́ kí n sùn. Bàbá mi ni mo kà wọ́n sí.”

“Sylvester, ṣé o yà síbì kankan lọ́jọ́rú?” Àmúdàtù bi í.

“Rárá o, Mà. Tààrà ni mo lọ, tààrà ni mo bọ̀. Ọgọ́fà. Ẹ wò ó nínú ìwé.”

“Mo ti wò ó. Ó dára gan-an ni.”

Ní ẹnu géètì, Taoheed tó ń ṣọ́nà ní ohun kékeré kan láti sọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó di ẹjọ́.

“Brọ̀dá Sylvester dé ní bíi aago mẹ́rin lọ́jọ́rú, Mà. Mo ti ṣí géètì fún wọn. Ṣe ni wọ́n wo dáṣíbọọ̀dù, wọn ò wọlé. Wọ́n lọ yí Tejúoṣó po lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó padà wá wọlé.”

“Kí ló ní òun ń wá?”

“Búrẹ́dì.”

“Ṣé ó ra búrẹ́dì?”

Taoheed rẹ́rìn-ín. “Mi ò rí búrẹ́dì o, Mà. Bí wọ́n bá rà á, wọn ò fún mi ńbẹ̀.”

Àmúdàtù padà sídìí ọkọ̀ láti gùn ún fúnra rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ò dé ibi tó fẹ́. Ó ká síkẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó fi agbára gùn ún, eékún rẹ̀ sì ké.

“Ọkọ̀ yìí ga o! Ṣé bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, Mà?”

“Rárá. Àgbàrá ló fà á,” Ìyáàfin Caroline ní. “Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó la ń kó ọjà pamọ́ sí. Bí òjò bá rọ̀, omi ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ wọ àdúgbò yẹn. Gbogbo ará ibẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀ wọn sókè. Mo ní kí wọ́n wọ táyà ńlá fún un lọ́jọ́ Ajé.”

“Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Fàsásì lọ Ṣágámù.”

Àmúdàtù yọ orí wo táyà láti orí ìjókòó awakọ̀ náà. Ìgbà tó máa gbé ojú sókè, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀, èyí tí Jude mọ̀ dáadáa, tí àwọn olè sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó fa téèpù aránṣọ ìyá rẹ̀ yọ.

“Ta ló ní ṣọ́ọ̀kì?”

Ṣé a máa ń wá ṣọ́ọ̀kì tì lọ́dọ̀ olùkọ́? Àpò Ìyáàfin Caroline ló ti wá.

Àmúdàtù fi ṣọ́ọ̀kì ṣàmì sí abẹ́ táyà níbi tó ti kan ilẹ̀, ó sì ṣàmì sí ilẹ̀ náà. Ó ní kí Jude ti ọkọ̀ títí àmì ara táyà á fi yípo tán tí á tún kan ilẹ̀. Ó wọn àárín àmì méjèèjì lórí ilẹ̀. Ínṣì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n tú táyà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nílẹ̀, èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ìgbà tí táyà bá jò. Ẹnikẹ́ni ò ronú láti pààrọ̀ ìyẹn. Táyà àtijọ́ ni. Wọ́n yí òun náà lẹ́ẹ̀kan. Ínṣì méjìdínláàádọ́rùn-ún.

“Mà, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò. Ẹ fi mẹ́jọ pín méjèèjì fún mi.”

“Mọ́kànlá,” Ìyáàfin Caroline ní kíá, “àti méjìlá.”

“Nítorí náà, ibi tí táyà àtijọ́ máa yí ní ìgbà méjìlá, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá péré ni ti tuntun máa yí níbẹ̀. Mà, mítà ò mọ Ṣágámù. Kò rí ọ̀nà, kò rí bíríìjì. Yíyí táyà ló ń kà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti sọ fún un pé yíyí kan, ínṣì méjìdínláàádọ́rùn-ún ni. Ẹ wá wọ bàtà ńlá fún un, ẹ ò sọ fún un.”

Ìyáàfin Caroline ṣí ìwé rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. “Ọgọ́fà, ká pín in sí méjìlá, mẹ́wàá. Ká sọ mẹ́wàá di ìlọ́po mọ́kànlá…” Ó dúró. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Àádọ́fà. Olúwa mi ò! Fàsásì lọ, Fàsásì bọ̀. Kò yà síbì kankan!”

“Tíkẹ́ẹ̀tì tó gbà náà sọ bẹ́ẹ̀. Àádọ́rùn-ún lójú mítà, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún lójú ọ̀nà. Bákan náà ni èyí tó dín ṣe dín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ìwé dé, Mà. Ìbéèrè kejì kù. Ọkọ̀ kan náà, táyà kan náà, Ṣágámù kan náà. Kí ló dé tí ti Sylvester fi pé?”

Àkísà ọwọ́ Sylvester dúró lójú kan lórí gíláàsì.

“Kò yẹ kó pé,” Ìyáàfin Caroline sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Àádọ́fà ló yẹ kí òun náà kà. Bí ó bá ka ọgọ́fà… kìlómítà mọ́kànlélàádóje ló rìn.”

“Mọ́kànlá lé. Nínú gbogbo ìwé yìí, Mà, ẹni tí ẹ fún ní máàkì ló gba òdo.”

“Èmi ò mọ nǹkan kan nípa táyà!” Sylvester ké.

Àmúdàtù sọdá títì lọ bá Síkírù, fọkanáísà tó ń ṣe táyà ní òdìkejì, ó sì béèrè ẹni tó gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Ajé.

“Brọ̀dá Sylvester ni, Mà,” Síkírù ní, ó ń fi ọwọ́ eléruku tọ́ka. “Mo tiẹ̀ kìlọ̀ fún wọn. Mo ní táyà yìí tóbi, mítà á máa kà kéré, kí wọ́n gbé e lọ Ládípọ̀ kí wọ́n bá wọn tún mítà tò. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àwọn á sọ fún Màdámú.”

“Mo gbàgbé!” Sylvester ti tẹ̀ lé wọn dé etí títì. Òógùn ti bò ó níwájú orí. “Ìgbàgbé kì í ṣe olè, Mà. Àti pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà lọ́jọ́rú, mo gba ẹ̀yìn àdúgbò. Kìlómítà mọ́kànlá ò tó nǹkan ní Èkó!”

Òótọ́ ni, kò tó nǹkan ní Èkó. Àmúdàtù mọ̀ pé adájọ́ náà máa sọ bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́wàá ti lù, bátìrì mẹ́rin náà ò sì tíì yọjú níbì kankan.

Ó mú òkúta kan jáde nínú báàgì, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n bá nínú àpótí. Òkúta líle, etí rẹ̀ mú, ìpẹtà irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òróró dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

“Jude, níbo ni wọ́n ti ń da irú èyí sílẹ̀?”

“Ojú irin réluwé, Ọ̀gá. Àmọ́ réluwé wà ní Yaba níbí, ó wà ní Mushin…”

“Yaba ti sún mọ́ jù. Mọ́kànlá ló lé. Yọ kìlómítà kan kúrò fún búrẹ́dì tí kò rà nígbà tó yí Tejúoṣó po. Pín ìyókù sí àlọ àti àbọ̀. Kí ló wà lójú irin ní nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún síbí, tí kò sì sí lọ́nà Ṣágámù?”

“Ìjọra,” Jude ní.

Sylvester fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ nu iwájú orí.

Ìyáàfin Caroline ti wọ ọ́fíìsì. Ó jáde pẹ̀lú fáìlì kan. Màmá yìí kì í gba awakọ̀ láì gba onídùúró, kì í sì í gba onídùúró láì kọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Onídùúró Sylvester,” ó kà á sókè bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Iṣẹ́: ìpamọ́ ẹrù. Àdírẹ́sì: abẹ́ bíríìjì, Ìjọra.”

*

Gbogbo wọn ló wọ píkáàpù náà: Jude nídìí ọkọ̀, Ìyáàfin Caroline níwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Àmúdàtù àti Sylvester lẹ́yìn. Ní ẹnu géètì, Ìyáàfin Caroline kọ iye tó wà lójú mítà sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ìjọra kì í fi àkókò ṣòfò. Àwọn aláàárù ń sáré, tírélà ń fọn fèrè, réluwé kan sì ń rọra kọjá lẹ́yìn àwọn ilé ẹrù. Ẹ̀gbọ́n Sylvester rí aṣọ ọlọ́pàá, ó rí àbúrò rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn láì dúró de ìbéèrè.

“Ó ní ọ̀gá òun ló ní kí òun kó o síbí,” ó ní. “Ó ní ọjọ́ Àìkú lòun máa wá kó o.”

Lábẹ́ tapólì, bátìrì mẹ́rin. Lára ìkọ̀ọ̀kan, Ìyáàfin Caroline ti fi máákà pupa kọ nọ́ńbà sí i kó tó dì í, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí gbogbo ọmọ tó kọ́ rí á mọ̀ lókèèrè. Màmá náà fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì sọ “Ẹ ṣeun, Jésù” ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

“Mi ò mọ ẹni tó kó o wá,” Sylvester ní. Ó ti ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tìjà tìjà. “Òun ló jí i, ó fẹ́ fà mí sí i. Ọkọ̀ yìí ò dé ibí lọ́jọ́rú.”

“Kò burú,” Àmúdàtù ní. “Ẹ jẹ́ ká padà sílé.”

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì Yaba, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Jude wo mítà, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

“Àlọ àti àbọ̀, mẹ́sàn-án ni, Ọ̀gá. Mẹ́wàá là ń wá lójú mítà. Ó ku ẹyọ kan.”

Sylvester mí kanlẹ̀. “Mo sọ fún yín.”

Taoheed ti ń ṣí géètì. Àmúdàtù na ọwọ́ sí i pé kó dúró. “Má wọlé, Jude. Yí Tejúoṣó po lẹ́ẹ̀kan. Bóyá a máa rí búrẹ́dì rà.”

Wọ́n yí Tejúoṣó po. Wọ́n kọjá àwọn aláṣọ àti àwọn aláwo. Bí iwájú ọkọ̀ ṣe tún kan ẹnu géètì, nọ́ńbà tó wà lójú mítà yí sí ìkan síwájú.

“Mẹ́wàá!” Ìyáàfin Caroline ló kígbe, bí ọmọ tó yege ìdánwò. “Àádọ́fà ti Ṣágámù, mẹ́wàá ti olè. Ọgọ́fà géérégé!”

Sylvester bo ojú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já wẹ́wẹ́ jáde. Ó mọ̀ láti ọjọ́ Ajé pé mítà á dín mẹ́wàá. Ó jẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ lọ, kí tiwọn dín kó sì di ẹjọ́ sí wọn lọ́rùn. Òun wá ná mẹ́wàá tirẹ̀ lọ sí Ìjọra. Nígbà tó délé, ó rí i pé ẹyọ kan ṣì kù.

“Bí o bá ti wọlé pẹ̀lú èyí tó kù yẹn,” Àmúdàtù ní, “bóyá ni mo fi máa fura. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òótọ́ ò ráyè mú kí nọ́ńbà pé géérégé, Sylvester. Èkó ò fún ẹnikẹ́ni láyè bẹ́ẹ̀.”

Ó ti ń pe tésàn lórí fóònù. “Ẹ má gbé Fàsásì sínú ọkọ̀ kóòtù. Ẹ ní kó fọ ojú, kó wọ bàtà rẹ̀. Àlejò mìíràn ni mò ń mú bọ̀.”

*

Ìyáàfin Caroline ló kọ́kọ́ wọ tésàn. Nígbà tí Fàsásì jáde, ó ti ń wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kò rí i. Ọ̀gá rẹ̀ ṣí ìwé mítà sí i lójú. Ó ti fi báírò pupa fagi lé àádọ́fà, ó kọ ọgọ́fà sórí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé Fàsásì ò jalè. Ó fagi lé ọgọ́fà Sylvester, ó kọ mọ́kànlélàádóje. Nísàlẹ̀ ojú ewé náà ló kọ ọ́ sí pé: títí a ó fi tún mítà tò ní Ládípọ̀, kí a máa fi ọ̀kan kún mọ́kànlá mọ́kànlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ló fi òdo ńlá kan sí.

“Fàsásì, mo kùnà. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìṣirò fún ọdún márùndínlógójì. Dárí jì mí.” Ó ti fẹ́ kúnlẹ̀.

Fàsásì yára dì í mú léjìká. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Mà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé kí ni aago wí.”

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Píkáàpù oníbàtà ńlá náà ló gbé e lọ Mushin, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà á. Ní gbogbo ọ̀nà, kò jẹ́ kí ọwọ́ mítà kọjá ogójì. Àmúdàtù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ìròyìn ti dé mọ́sálásí ṣáájú wọn, èyí tó burú nínú ìròyìn ni o. Àwọn ọkùnrin dúró ní méjì méjì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n rí Fàsásì tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ gíga náà, wọ́n rí Ìnspẹ́kítọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣe àlùwàlá, ó wọlé. Àmúdàtù ò bá àwọn ènìyàn náà rojọ́. Ó kàn gba ìwé mítà lọ́wọ́ Ìyáàfin Caroline tó tẹ̀ lé wọn dé, ó ṣí i sí ojú ewé onípupa, ó fi lé bàbá tó dàgbà jù nínú wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn han lókè. Ohùn Fàsásì jáde. Ó gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó wá gòkè, ó sì kún gbogbo àdúgbò náà.

Bàbá tó mú ìwé náà kà á tán. Ó pa á dé, ó dá a padà fún Ìyáàfin Caroline pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì wọlé. Gbogbo àwọn tó kù tẹ̀ lé e.